Máàkù: Ẹni Tó Padà Lẹ́yìn, Tó Tún Wúlò

Gbogbo wa la máa ń ka ìwé Máàkù, àmọ́ tí wọ́n bá bi wá pé ta ni Máàkù gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wa á máa wo ara wa lójú ni.

Àkọ́kọ́, Máàkù ò sí lára àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Jòhánù lorúkọ rẹ̀ láàárín àwọn Júù, Máàkù lorúkọ Róòmù tó ń jẹ́. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:12. Màríà ni ìyá rẹ̀, ilé ìyá yẹn ní Jerúsálẹ́mù ni àwọn ará ti ń gbàdúrà lóru ọjọ́ tí áńgẹ́lì tú Pétérù sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Kólósè 4:10 sì jẹ́ ká mọ̀ pé ìbátan Bánábà ni.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ń lọ sí ìrìn àjò ìhìnrere àkọ́kọ́, wọ́n mú un dání. Wọ́n dé Kípírù, ó wà níbẹ̀. Wọ́n sọdá òkun dé Pága ní Pamfílíà, ló bá fi wọ́n sílẹ̀, ó gba Jerúsálẹ́mù lọ. Bíbélì ò sọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì, Bánábà ní kí àwọn tún mú un, Pọ́ọ̀lù ní rárá o. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n pínyà. Pọ́ọ̀lù mú Sílà, Bánábà mú Máàkù padà sí Kípírù.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bánábà ni ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ẹ wá wo èso ẹ̀: nínú 2 Tímótì 4:11, nígbà tí Pọ́ọ̀lù rí i pé ikú òun ti sún mọ́lé, Máàkù yìí kan náà ló ní kí Tímótì mú wá, torí pé ó wúlò fún iṣẹ́ ìránṣẹ́. Pétérù náà pè é ní ọmọ òun (1 Pétérù 5:13).

Báwo ló ṣe kọ ìwé ìhìnrere? Ìwé náà fúnra rẹ̀ ò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìjọ àtijọ́ ló fi í lé wa lọ́wọ́. Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, sọ pé ògbufọ̀ Pétérù ni Máàkù, àti pé ohun tó rántí nínú ìwàásù Pétérù ló kọ sílẹ̀. Orí 16 péré ni. Òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì gbà pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Nínú orí 16:7, áńgẹ́lì ní kí àwọn obìnrin lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ó sì dárúkọ Pétérù lọ́tọ̀. Pétérù tó sẹ́ Jésù! Máàkù nìkan ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti padà lẹ́yìn rí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n ṣì pe orúkọ rẹ̀.

Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ní òun ló dá ìjọ sílẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí nítorí ìgbàgbọ́. Títí dòní, ìjọ Kóptíìkì kà á sí olórí wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ní ní 828, àwọn oníṣòwò gbé òkú rẹ̀ lọ sí Venice ní Ítálì. Ní 1968, Póòpù Paul Kẹfà dá díẹ̀ lára egungun náà padà fún àwọn ará Íjíbítì. Ìyẹn ò sí nínú Bíbélì o, ìtàn ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ta ni Máàkù tí ẹ ti lé dànù? Ẹ lọ pè é padà lọ́sẹ̀ yìí. Ìwọ tó o sì ti padà ní Pága tìẹ, dìde. Iṣẹ́ ṣì wà tí Ọlọ́run fẹ́ fi ẹ́ ṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.