Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ni ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn?

Ẹ̀yin ará Ìjàn-Èkìtì, bí onífọ́tò tẹ́ ò mọ̀ rí bá ya yín lójú ọ̀nà, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀? Ẹ gbọ́ ti TY Bello, obìnrin onífọ́tò.

1. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ó ń ya olórin Tinie Tempah l'Ékòó. Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìṣàgúnà, tó wá wá iṣẹ́ ajé láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń kiri búrẹ́dì kọjá. Ẹrù wà lórí rẹ̀, ó sì bọ́ sínú fọ́tò.

2. TY Bello ò yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwọn èèyàn ń bi í pé ta ni obìnrin yìí. Ibi tó wú mi lórí jù nìyí: ó wá a kiri títí ó fi rí i. Ó tún un yà, ó bi í ní ìtàn ara rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ìwé ìròyìn ThisDay Style. Gbogbo ayé wá mọ orúkọ rẹ̀.

3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya ìyá tó ń gúnyán tàbí tó ń yan gààrí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Ẹ tọrọ àyè. Ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ, ẹ pa á rẹ́.

Ta ló ti yà yín rí tó padà mú fọ́tò náà wá fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín in fún onífọ́tò tẹ́ ẹ mọ̀.