"O" àti "Ẹ" Tó Gbé Mi Dé Stamford Hill

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló fà á. Ìyá wa wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n jókòó sí pálọ̀ ní Peckham, ní London, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà sínú tíréè. Ọmọ yìí wọlé, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní: "Màmá, ṣé o ti jẹun? A lọ sí Rye Lane àti a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Màmá gbójú sókè. "O" kẹ̀? Orúnkún wà nílẹ̀, ọ̀wọ̀ ò sí lẹ́nu. Èmi tó yẹ kí n ṣe àgbà, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ọmọ náà dìde, ó bá yàrá lọ, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló sì fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń bá ìyá àgbà sọ.

Ẹ wo ohun tó sọ yẹn o. Tí a bá yọ orúkọ àdúgbò kúrò, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló tò ó. "You" kan náà ni òyìnbó fi ń pe ọba, òun ló fi ń pe ajá. Ibẹ̀ ni "o" yẹn ti yọ́ wọlé. "And" kan náà ló ń so iyán mọ́ ọbẹ̀, òun ló tún ń so lílọ mọ́ bíbọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, "àti" a máa so iyán mọ́ ọbẹ̀, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìṣe, ńṣe la máa ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: "A lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Rye Lane."

Ní London kan náà, àwọn kan wà tí irú èyí ti dé bá ju bó ṣe dé bá wa lọ. Wọ ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, sọ̀ ní Dalston Junction, gun bọ́ọ̀sì 149, wàá bá ara rẹ ní Stamford Hill. Àwọn Júù Hasidic, àwọn Júù tó rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn gan-an, tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó pọ̀ jù lójú kan ní gbogbo Yúróòpù. Àwọn ọkùnrin wọn ń wọ kóòtù dúdú gígùn, àwọn ọmọ wọn ń sáré kiri lójú títì, Yiddish sì ni wọ́n ń sọ síra wọn.

Ọmọ ìyá èdè Jámánì ni Yiddish. Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Júù etí odò Rhine ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Láti ìgbà náà, èdè yìí kò dá gbé rí. Hébérù ni ti àdúrà; tó bá di ọjà, èdè àwọn ará Pólándì tí wọ́n ṣí lọ bá àti ti àwọn aládùúgbò wọn ni. Ẹni tó bá sì ń fi èdè mẹ́ta jẹun, ọ̀kan á ta sára ìkejì. Jámánì kò ní irú "ṣé" tiwa: tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbé síwájú. Àwọn ará Pólándì ní "czy", ó sì ń ṣí ìbéèrè bí "ṣé" ṣe ń ṣí i. Ẹ lọ wo Yiddish: "tsi". Jámánì a máa ya "ara mi" sọ́tọ̀ kúrò lára "ara rẹ̀", bí àwa náà ṣe ń ṣe. Yiddish fi "zikh" kan ṣoṣo ṣe ti gbogbo ayé, bí àwọn aládùúgbò wọn ṣe ń ṣe. Bíi kí n sọ pé "mo wẹ ara rẹ̀", kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni mo wẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ tiwa mọ́. "Àmọ́" tí mo lò lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọ̀dọ̀ Hausa ló ti bá wa, Hausa náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń bú ọmọ nítorí "but", "àmọ́" ló fi ń bú u.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Stamford Hill ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú Yiddish àtijọ́, gbogbo nǹkan ló ní akọ tàbí abo, tàbí kó má ṣe èyíkéyìí: tábìlì jẹ́ "der tish", ilẹ̀kùn jẹ́ "di tir", ọmọ jẹ́ "dos kind". Èyí lè ṣòro fún wa, àwa tí "ó" kan ṣoṣo tó fún ọkọ, ìyàwó àti ewúrẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi ń pe ìyàwó ní "he" ní gbangba Peckham. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn kò ṣòro ní tirẹ̀. A mọ̀ pé "mo" a máa di "mi": Adé rí mi, kì í ṣe Adé rí mo. Bẹ́ẹ̀ náà ni "der man" ṣe ń di "dem man" tí ẹnìkan bá rí ọkùnrin náà.

Ní ọdún 2020, Zoë Belk, Lily Kahn àti Kriszta Eszter Szendrői ti University College London gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí Yiddish Stamford Hill. Láàárín ìran méjì péré, gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ti pòórá. Lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, "de" kan ṣoṣo ló kù fún tábìlì, fún ilẹ̀kùn, fún ọmọ.

Ogun yẹn wà lára ohun tó fà á. Mílíọ̀nù 6 Júù ni Hitler pa, àwọn tó ń sọ Yiddish ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó yè wá láti Húngárì, láti Pólándì, láti Románíà, ẹ̀ka èdè wọn kò sì dọ́gba lórí ohun tó jẹ́ akọ àti ohun tó jẹ́ abo. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Oǹdó pàdé nínú ilé kan, tí wọ́n jọ ń tọ́ ọmọ. Ti ta ni ọmọ á mú? Gẹ̀ẹ́sì tó yí wọn ká, "the" kan ṣoṣo lòun náà ní.

Síbẹ̀ Yiddish Stamford Hill kò kú. Ọmọ ìkókó ń gbọ́ ọ, wọ́n ń fi í kọ́ni nílé ìwé, wọ́n ń fi í jà, wọ́n ń fi í tajà. Ní Peckham, gírámà wa pé pérépéré, àmọ́ ẹnu àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló wà. Èmi kò fẹ́ kí "ẹ" parun o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ọmọ tó ń ṣi Yorùbá sọ ni màá mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà padà wá bá Màmá. "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun àti ṣé ẹ fẹ́ sùn?" Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Màmá ní, "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Wá bá mi ṣa ẹ̀wà." "Ẹ" ti dé. "Àti" yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.