Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo lọ yẹ̀ wò ní kílíníìkì kan nítòsí ọjà wa ní Sabon Gari níbí, ní Kánò. Wọ́n ní kí n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Kò síbi tó ń dùn mí o. Èsì dé, kọlẹ́sítẹ́róòlù mi jẹ́ 248, wọ́n sì ní kó má tó 200. Tó bá jẹ́ mmol/L ló wà nínú ìwé tiyín, 5.2 ni 200 yẹn. Ẹ̀rù bà mí, torí rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá mi.

Dókítà là á yé mi. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe kọlẹ́sítẹ́róòlù, ara sì ń lò ó. Àpọ̀jù ẹ̀ ni wàhálà. LDL dà bí alábàárù tó ń já ẹrù sílẹ̀ sójú ọ̀nà: ó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà á fi há. HDL ló ń kó o padà sí ẹ̀dọ̀. Tí ọ̀nà bá dí lọ́kàn tàbí lọ́pọlọ, ẹ mọ ibi tó ń já sí.

Mo wá wo ara mi. Ìjókòó látàárọ̀ dalẹ́. Tá a bá ti ṣọ́ọ̀bù, súyà àti balangu. Dókítà ní ká fi oṣù mẹ́ta gbìyànjú ná kó tó di oògùn.

Àkọ́kọ́, ẹran. Mo ń gé ọ̀rá ara ẹ̀ dànù, ẹja sì ni mò ń jẹ lọ́pọ̀ ọjọ́. Súyà di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ìkejì, epo. Ọ̀rá màlúù àti bọ́tà ń gbé LDL sókè gan-an. Epo pupa náà, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá yẹn. Mi ò já a sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ṣíbí nìyàwó mi fi ń wọ̀n ọ́n báyìí, kì í dà á látẹnu ike mọ́.

Ìkẹta, ẹ̀wà, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ̀wà, ilá àti ọ́òtì ní fáíbà tó ń fà nínú ìfun. Ó ń gbé òróòro jáde, ẹ̀dọ̀ á wá fa kọlẹ́sítẹ́róòlù inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn.

Ìkẹrin, ẹsẹ̀. Mi ò wọ a-daidaita lọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni, 30 ìṣẹ́jú, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó pa á tì. Ó ń fa HDL wálẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, ó di 212. Kò tíì débi tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wálẹ̀, mo sì ń bá a lọ.

Ẹ gbọ́ o: ẹlòmíì jogún ẹ̀ ni, oúnjẹ nìkan ò ní í tó o. Ẹni tí dókítà bá ti fún lóògùn, kó má torí ohùn mi dá a dúró, kó má sì fi àgbo ọjà rọ́pò ẹ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ibẹ̀ nìkan la ti ń mọ̀ ọ́n.

Owó la wá wá síbí. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ ara wa gbé e délé.