Ṣíṣí àti Títì, Títàn àti Pípa: Ìperí fún Ẹ̀rọ Asẹ́omi ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ jọ pààlà ni. Ọ̀kan jẹ́ àdúgbò ebúté, ilé ìkẹ́rù àti ilé ńláńlá. Èkejì jẹ́ àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, tí ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, ti Adíyàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991. Síbẹ̀, kànga ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ mẹ́rúwà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Nítorí pé òkun àti ọ̀sà wà nítòsí, iyọ̀ a máa wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ níbòmíràn, irin a sì máa sọ ọ́ di pupa. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ asẹ́omi fi di ohun tí a ń rí nínú ilé àti níbi tí a ti ń ṣe omi inú ọ̀rá.

Ẹni tí ń sin ẹja òkun sínú àpótí dígí wà lára àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má ní in. Omi òkun a máa ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan. Bí oòrùn bá fa omi inú àpótí, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò ní iyọ̀ rárá ni a ó fi dípò èyí tí ó gbẹ. Omi yìí ni a ń sẹ́ pamọ́ sínú àgbá kékeré. Ẹ̀rọ náà kò yára: irú èyí tí ń sẹ́ nǹkan bí lítà 284 lóòjọ́ kì í mú tó lítà 12 wá ní wákàtí kan. Ta ni yóò jókòó tì í? Bí onílé bá gbàgbé, omi á kún ilé. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹ̀rọ náà lè ti ara rẹ̀.

Bí Ẹ̀rọ náà ṣe ń Ti Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí yóò tètè lóye ẹ̀rọ yìí. Asẹ́ a máa jẹ́ kí ògì kọjá, èèrí a sì kù sókè. Awọ tín-ín-rín ni asẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń lò. Agbára ìtẹ̀ ni ó ń ti omi gba inú awọ náà, tí iyọ̀ fi ń kù sẹ́yìn. Loeb àti Sourirajan ni wọ́n ṣe irú awọ bẹ́ẹ̀ tí ó wúlò, ní yunifásítì California ní Los Angeles, ní ìparí àwọn ọdún 1950. Omi tí iyọ̀ kù sí a máa gba ọ̀pá mìíràn jáde; ó sì lè tó lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún lítà omi mímọ́ kan. ‘Omi èèrí’ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ‘omi èérí’: ohun tí asẹ́ kọ̀ ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Olùkọ́ ní láti fi àmì ohùn sí i dáadáa.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà dá ẹ̀rọ náà dúró. Èkínní kò nílò iná. Bí àgbá bá kún, fáàfù aléfòó á gòkè pẹ̀lú omi, á sì dí ẹnu ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ síbẹ̀, omi èèrí yóò máa ṣàn lọ ní tirẹ̀. Fáàfù agbọ́-ìtẹ̀ ni ó ń parí iṣẹ́: bí ìtẹ̀ inú ọ̀pá omi mímọ́ bá ti tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìtẹ̀ omi tí ń wọlé, fáàfù yìí á ti ọ̀nà àbáwọlé. Fáàfù ọlọ́nà-kan ní láti wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ìtẹ̀ náà má baà padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ni ti iná mọ̀nàmọ́ná. Súíìṣì a léfòó nínú àgbá. Bí omi bá gbé e dé òkè, ó ń pa iná fáàfù oníná, fáàfù náà á sì tì.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ ti ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Ọ̀nà kejì yìí ni ìperí ti le. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún omi àti iná: ọ̀kan bá ‘ṣíṣí’ dọ́gba, èkejì bá ‘títì’ dọ́gba. Bí fáàfù bá wà ní ṣíṣí, omi ń kọjá. Bí ojú súíìṣì bá wà ní ṣíṣí, iná kò kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ó la ọ̀nà fún omi ni ó gé ọ̀nà iná. Atúmọ̀ èdè tí ó bá gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ ti da nǹkan rú láìnídìí, nítorí Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹ̀rọ omi ni à ń ṣí tí à ń tì. Iná ni à ń tàn tí à ń pa. Orúkọ ‘panápaná’ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó láti fi sẹ̀dá ìperí.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kan fún ipò tí fáàfù ń wà nígbà tí iná kò bá sí. Nínú ìwé atúmọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ohun tí ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wá kọ ‘fáàfù tí ó sábà máa ń wà ní títì’ tọ̀nà lójú ìwé, ó sì ṣi oníṣẹ́ lọ́nà. Fáàfù tí iná wà lára rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lè máa wà ní ṣíṣí jù.

Àṣìṣe yìí kì í hàn lọ́jọ́ tí a bá so ẹ̀rọ mọ́ra. Fáàfù tí ń tì nígbà tí iná kò sí, pẹ̀lú súíìṣì tí ń pa iná lókè, yóò ṣiṣẹ́. Fáàfù tí ń ṣí nígbà tí iná kò sí, pẹ̀lú súíìṣì tí ń tan iná lókè, yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ni a ó mọ ìyàtọ̀: ti àkọ́kọ́ á tì, ti èkejì á ṣí gbayawu, omi táńkì òkè á sì máa ṣòfò. Ní Èkó, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára páálí nìkan ni olùrà lè fi mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Àbá Ìperí

Fáàfù atì-láìníná: fáàfù tí ń ti ọ̀nà omi nígbà tí iná kò sí.

Fáàfù aṣí-láìníná: èyí tí ń ṣí ọ̀nà omi nígbà tí iná kò sí.

Súíìṣì apaná-lókè: èyí tí ń pa iná bí omi bá gbé e sókè. Òun ló yẹ fún kíkún àgbá.

Súíìṣì atanná-lókè: èyí tí ń tan iná bí omi bá gbé e sókè. Òun ló ń dáàbò bo ẹ̀rọ ìfami, kí ó má baà ṣiṣẹ́ lórí àgbá gbígbẹ.

Fáàfù agbọ́-ìtẹ̀: èyí tí ìtẹ̀ ń tì. ‘Gbọ́’ níhìn-ín dà bí i ti ‘gbọ́ òórùn’. ‘Ìtẹ̀’ sàn ju ‘ìtì’ lọ, nítorí ‘tì’ ti ń ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀kùn.

‘Fáàfù’ àti ‘súíìṣì’ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí púlọ́mbà Ajégúnlẹ̀ ti ń lò. Kò sí èrè nínú fífi ọ̀rọ̀ tuntun lé wọn jáde.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1970 tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ni ó ti hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá. Ohun tí ó kù ni kí ìperí jáde kúrò ní kíláàsì lọ sọ́wọ́ oníṣẹ́. Olùkọ́ lè fi garawa kan, súíìṣì aléfòó kan àti gílóòbù onítọ́ọ̀ṣì kan dán ìperí wọ̀nyí wò. Kí ó bu omi sínú garawa, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè bóyá iná yóò tàn tàbí yóò kú. Bí orúkọ súíìṣì náà bá ti fún wọn ní ìdáhùn kí omi tó gòkè, ìperí náà yege.