Àṣẹ àti Iná fún Oríta Irin Nínú Reluwé Kékeré

Ní Jámánì, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni ilé-iṣẹ́ Lenz ti gbé ìlànà kan jáde fún dídarí reluwé kékeré tí àgbà fi ń ṣeré, èyí tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré náà ní Amẹ́ríkà, sọ di òdiwọ̀n ní àwọn ọdún 1990 lábẹ́ orúkọ DCC. Ṣáájú àkókò yìí, oríta irin kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọkọ̀ ti ń yà bọ́ sí ojú irin mìíràn, ní bọ́tìnì àti wáyà tirẹ̀, abẹ́ tábìlì tí irin wà lórí rẹ̀ a sì máa rí jákujàku.

Nínú DCC, iná àti àṣẹ jọ ń gba irin méjì kan náà ni. Iná náà ń yí padà lemọ́lemọ́ láàárín irin méjèèjì. Bí ìyípadà kan bá gba ìdá 58 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, ení ni, bí ó bá sì tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdo ni; ení àti òdo yìí ló ń para pọ̀ di àṣẹ. Dekódà, ìyẹn pátákó iná kékeré tó ń ka àwọn àmì yìí, kì í dáhùn àfi bí wọ́n bá pe nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀kan ń gbé inú ọkọ̀. Èkejì, tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, ń gbé abẹ́ tábìlì láti yí oríta tàbí tan iná atọ́nà.

Ẹ̀rọ tó ń fi okùn bàbà tí a ká yí oríta nílò iná púpọ̀ fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, bí iná bá sì pẹ́ nínú rẹ̀, yóò jóná. Nítorí náà ni dekódà rẹ̀ ṣe ń kó iná jọ díẹ̀díẹ̀ sínú kapásítọ̀, kó tó tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò Tortoise, irú ẹ̀rọ mìíràn tó ń yí oríta, ní tirẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bíi mílíáḿpù 15 lọ bí ó tilẹ̀ dúró, èyí ló fi lè wà lórí iná títí.

Ìṣòro gan-an ń bẹ nígbà tí ọkọ̀ bá wọ oríta tí wọn kò yí sọ́nà rẹ̀, tí ó sì so irin méjèèjì pọ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná yóò pa ara rẹ̀, dekódà tí ì bá yí oríta náà padà yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra tiransifọ́mà ọ̀tọ̀ fún dekódà, síbẹ̀ wọ́n fi àṣẹ sílẹ̀ lórí irin, ìlàjì àtúnṣe sì nìyẹn, nítorí irin tó kú kò lè gbé àṣẹ. Wáyà àṣẹ gbọ́dọ̀ jáde láti ara ẹ̀rọ tó ń pèsè iná náà ṣáájú bíréékà tó ń dáàbò bo irin, kí bíréékà sì yára já kí ẹ̀rọ náà tó pa ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n pèsè ẹ̀rọ kejì fún àwọn dekódà abẹ́ tábìlì nìkan.