Títọpinpin Ìtàn Ìdílé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ẹnu Àgbà àti Ìwé Ìpamọ́

1. Ìfáárà

Ó ti di àṣà wa, àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, láti máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n lọ kọ ìtàn ìdílé wọn wá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń mú bọ̀ ni oríkì, orúkọ bàbá ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ìtàn pé Ifẹ̀ tàbí Wàdáì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. A ó fún wọn ní máàkì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìtàn yìí kan náà ni àwọn àgbà ń gbé lọ sí kóòtù nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá délẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti bi wọ́n pé: ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ni ó sọ ọ́?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ìwé tí ó wà ní ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ṣe lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Èrò wa ni pé ẹlẹ́rìí ni ìwé, ẹlẹ́rìí náà ni ẹnu àgbà. A kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́ láìwádìí.

2. Ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí kò bá tíì bá àwọn àgbà ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó wá kọrí sí ilé ìpamọ́ ìwé, yóò kàn máa ṣí fáìlì kiri ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ó ń wá: orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìrìbọmi tàbí ti mùsùlùmí, àti ìnagijẹ. Kí ó béèrè orúkọ abúlé àti oko pẹ̀lú.

Kí ó má sì gbàgbé ìhà ìyá. Nínú ìwé tí P. C. Lloyd kọ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní 1962, ó fi hàn pé ní Ìjẹ̀bú, ọmọ a máa ní ẹ̀tọ́ nínú ìdílé bàbá àti nínú ìdílé ìyá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tọpinpin ìhà bàbá nìkan ní Ìjẹ̀bú, ìdajì ìtàn ni ó mọ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, ọ̀pọ̀ àgbà kì í dárúkọ ọdún. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n bí bàbá àwọn, èyí tí ó lè tọ́ka sí 1918. Kí a béèrè regbéregbé tí ẹni náà wà. Àwọn tí a bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ni ó ń wà nínú regbéregbé kan. Bí a bá ti mọ ọdún tí a bí ẹnìkan nínú wọn, a ti sún mọ́ ti àwọn yòókù.

3. Ọdún 1892 gẹ́gẹ́ bí ààlà

Àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí òyìnbó àti oníwàásù fìdí kalẹ̀ láàárín wọn títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba gbilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé ìrìbọmi bàbá ńlá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣáájú ọdún náà ń wá ohun tí kò sọnù. Bí bàbá ńlá náà bá gbé Èkó, tí ó ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, Èkó ni kí ó wò. Púpọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ C.M.S. lórí ilẹ̀ Yorùbá wà ní Yunifásítì Birmingham. Apá kan wà ní Ìbàdàn. Ní ti àwọn ìdílé mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ti owó-orí àti ti kóòtù ni a ó wá ju ti ìrìbọmi lọ.

Èyí kò wí pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan ṣáájú 1892. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà, Òṣífẹ́kúndé, tí àwọn olè ojú omi mú ní nǹkan bí 1820, tí wọ́n sì tà sí ilẹ̀ Brazil. Nígbà tí ó yá, ó dé Paris, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ d'Avezac sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa ìlú rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti èdè rẹ̀. D'Avezac tẹ ìwé náà ní èdè Faransé ní 1845. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1967. Ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìwé yìí ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni ó kọ ọ́. Kí a ṣàkíyèsí pé “Yébou” ni d'Avezac pe Ìjẹ̀bú, “Jebu” sì ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà ń kọ. Bí a kò bá rí orúkọ ìlú tàbí ti ènìyàn bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí, kí a wá a bí àjèjì ṣe lè gbọ́ ọ.

4. Ilé Ìpamọ́ Ìwé ní Ìbàdàn

Ìwádìí tí Kenneth Dike ṣe lórí àwọn ìwé ìjọba ni ó bí ilé iṣẹ́ yìí ní 1954. Òfin rẹ̀ jáde ní 1957. Ilé náà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni àwọn ìwé ọ́fíìsì òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ tí ó ń ṣàkóso Ìjẹ̀bú wà, “Ije Prof” sì ni orúkọ wọn nínú ìwé atọ́ka. Ọ̀rọ̀ oyè, ìjà ilẹ̀, owó-orí àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni ó pọ̀ nínú wọn.

Kí olùkọ́ mú lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání. Kí ó ka ìwé atọ́ka, kí ó kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀, kí ó tó béèrè fún un. Pẹ́ńsù ni kí ó lò, kí tàdáwà má baà kan ìwé àtijọ́. Fún ohunkóhun tí ó bá rí, kí ó kọ nọ́ńbà fáìlì, ojú-ìwé, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Àdàkọ tí kò ní nǹkan wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí àgbọ́sọ.

Ní ilé ìkàwé, kí a wá ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wọn kọ, bí ìwé ìtàn Ìjẹ̀bú tí D. O. Epega kọ ní 1919 àti èyí tí M. B. Okubote kọ ní 1937.

5. Ìwé pàápàá a máa ṣìnà

Ká sọ pé a rí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan ti 1935, tí ìdílé kan ti sọ pé bàbá ńlá àwọn ni ó tẹ abúlé kan dó. Lẹ́tà náà kò fi hàn pé òótọ́ ni. Ohun tí ó fi hàn ni pé ní 1935, ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó ń du ilẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé akọ̀wé tí ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà gba owó ni ó kọ ọ́, tí ó fi ti ara rẹ̀ kún un. Nítorí náà, kí a wá èsì tí alátakò rẹ̀ fọ̀ nínú fáìlì kan náà. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Bí ọ̀rọ̀ àgbà bá sì bá ti ìwé mu rẹ́gí, kí a má tíì yọ̀. Kí a bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ó ti ka ìwé Okubote rí, tàbí bóyá wọ́n kà á sí i létí. Bí ó bá ti kà á, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a ní, kì í ṣe méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Lábẹ́ òfin oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1957 ni a ti kọ àwọn ìdílé tí oyè tọ́ sí sílẹ̀. Mẹ́rin ni ti Awùjalẹ̀. Lẹ́yìn tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, àkọsílẹ̀ náà ni a tún ń tọ́ka sí. Ẹni tí àwọn bàbá rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, ó ṣòro kí ó tó rí ọ̀nà wọlé lónìí.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ilé ni a ti ń gbéra lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé, àti pé ilé náà ni a ó padà sí láti fi ohun tí a rí han àwọn àgbà ìhà méjèèjì. Ó ku iṣẹ́ kan fún àwa olùkọ́. Kí a má ṣe máa sun ìtàn ìdílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ wá ní òpin ọdún. Kí a kọ orúkọ àgbà tí ó sọ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí i, kí a sì kó o pamọ́ sí ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ni kò sí ẹni tí yóò tún fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lẹ́yìn ọmọ yẹn.