Ìdíje Eré-Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà àti Ìlú tí ó Gbà Á Lálejò: Èkó ní 1973, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Òṣogbo àti Iléṣà

1. Ìfáárà

Bí a bá gbọ́ pé ìlú kan gba ìdíje ńlá lálejò, iye àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí onílé gbà ni a sábà máa ń bèèrè. Ìbéèrè tiwa nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀: nígbà tí àlejò bá ti lọ, kí ni ó kù sí onílé lọ́wọ́? A ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí ìdíje náà ṣe dàgbà. Lẹ́yìn náà ni a ó yẹ Èkó wò. Ní ìkẹyìn, a ó fi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wé e.

2. Bí Ìdíje náà ṣe Dàgbà

Pierre de Coubertin, ẹni tí ó jí ìdíje Òlíḿpíìkì dìde, gbèrò pé kí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wáyé ní Algiers ní 1925. Wọ́n tún sún un sí Alexandria ní 1929. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kò fara mọ́ ọn, èrò náà kò sì ṣẹ. Ìgbà tí òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í dé ni ọ̀nà là. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé ṣe ìdíje ọ̀rẹ́ ní Madagascar ní 1960, ní Abidjan ní 1961 àti ní Dakar ní 1963. Láti inú ìwọ̀nyí ni ìdíje gbogbo Áfíríkà ti jáde ní Brazzaville ní 1965, níbi tí nǹkan bí 30 orílẹ̀-èdè ti péjọ.

Bamako ni ó yẹ kí ó gba ìkejì ní 1969, àmọ́ àwọn ológun gba ìjọba Mali ní 1968, ètò náà sì fọ́. Èkó ni wọ́n wá gbé e fún. Nítorí ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa àti ohun tí ó fà, ọdún 1973 ni ó tó wáyé. Ẹ̀yìn èyí ni Algiers (1978), Nairobi (1987), Cairo (1991), Harare (1995), Johannesburg (1999) àti Àbújá (2003). Irú eré tí wọ́n ń ṣe, tí kò ju bíi 10 lọ ní Brazzaville, ti lé ní 20 nígbà tí ó fi dé Àbújá. Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà láàárín Algiers àti Nairobi. Bí ìdíje bá ti ń tóbi sí i ni ẹrù onílé ń wúwo sí i.

3. Èkó ní 1973

Láti ọjọ́ 7 sí 18 oṣù Kìíní ni ìdíje Èkó fi wáyé. Pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Surulere, tí wọ́n ṣí ní 1972, ni ó gba èrò, ó sì ní ààyè fún nǹkan bí 55,000 ènìyàn. Íjíbítì ni ó ṣe ipò kìíní, Nàìjíríà ṣe ìkejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Guinea ní 2–0 nínú ìdíje àṣekágbá. Filbert Bayi láti Tanzania sì fi Kipchoge Keino sẹ́yìn nínú eré-ìje 1,500 mítà.

Lójú tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ní ọdún kan náà, ní pápá kan náà, ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ Ìdíje Eré-Ìdárayá ti Gbogbo Orílẹ̀-Èdè, kí ọ̀dọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo lè bá ara wọn díje lẹ́yìn ogun. Nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Òṣogbo àti Iléṣà wà. 1991 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nípa ètò yìí ni ọmọ ìlú tí kò gba àlejò kankan fi lè ní ìpín nínú àlejò Èkó.

Ṣùgbọ́n kí ni ó dé bá pápá náà? Nígbà tí àyè Àbújá kàn ní 2003, òmíràn ni ìjọba kọ́ síbẹ̀. Ti Surulere di ahoro díẹ̀díẹ̀, ti Àbújá pàápàá sì rí àìbìkítà tirẹ̀.

4. Ẹ̀kọ́ láti Òṣogbo

Òṣogbo ń gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹjọ. Àjọ UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: Àtáọ́ja mọ tirẹ̀, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò mọ tiwọn, Arugbá sì ń ru igbá. Nítorí pé ọdún náà yóò tún dé, ìtọ́jú ojúbọ kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀. Pápá ìṣeré kò rí bẹ́ẹ̀: a kọ́ ọ nítorí ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ojúṣe àjogúnbá fún.

A kò sọ pé Òṣogbo kò ní ìṣòro. Ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ba omi odò Ọ̀ṣun jẹ́ láti òkè wá, àlejò Òṣogbo sì ń rí i. Èyí gan-an ni ó ṣe àlàyé kókó wa. Gẹ́gẹ́ bí odò ti ní òkè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ńlá ní tirẹ̀: pápá àwọn ilé-ẹ̀kọ́, bíi ti Ilesa Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ sísáré kí ó tó dé Surulere.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìdíje náà dàgbà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ohun tí ó fi sílẹ̀ kò bá a dàgbà. Èrò wa ni pé kí ìjọba tí ó bá fẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ ya owó ìtọ́jú pápá sọ́tọ̀ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ó sì fi apá kan tún pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kéékèèké ṣe. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.